Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Ìwádìí Ọtí àti Ọ̀rá Inú Ẹ̀jẹ̀ Ẹranko

Láàárín àwa tí a ń fi ẹranko ṣe ìwádìí ní Abẹ́òkúta, àṣìṣe tí mo máa ń rí jù ti ṣẹlẹ̀ kí ẹranko tó jẹun rárá. Akẹ́kọ̀ọ́ á ra eku funfun nítorí pé kò wọ́n, á po pupa ẹyin mọ́ oúnjẹ rẹ̀, nígbà tí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù (irú ọ̀rá kan) inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò bá sì fi bẹ́ẹ̀ ga, á kọ ọ́ sílẹ̀ pé pupa ẹyin kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀dọ̀ eku mọ bí a ti ń sọ àpọ̀jù kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù di èròjà òróòro tí ń bá ìgbẹ́ jáde. Ehoro, tí ó jẹ́ pé ewé ni oúnjẹ rẹ̀, kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀: ní 1913, Nikolai Anitschkow ní Rọ́ṣíà fún ehoro ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tí a yọ́ sínú òróró, ọ̀rá sì lẹ̀ mọ́ ara òpó ẹ̀jẹ̀ wọn.

Ti ọtí tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Giramu ọtí kan ní kalori 7, eku tí ó bá sì ń mu ún kì í jẹun tó èyí tí ń mu omi lásán. Bí a bá jẹ́ kí àwọn tí ń mu omi jẹ bí ó ti wù wọ́n, ìyàtọ̀ tí a rí lè jẹ́ ti àìjẹun tó, kì í ṣe ti ọtí. Kí a wọn ohun tí eku ọtí jẹ lánàá, kí a fún ìkejì rẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà lónìí, kí a sì fi sítáàṣì dípò kalori tí ó wà nínú ọtí. Iṣẹ́ náà ń súni, mo gbà.

Ògógóró tí a rà ní Lafẹ́nwá kò yẹ fún un, nítorí pé agbára rẹ̀ kì í dọ́gba láti ìgò kan dé òmíràn. Òru sì ni eku ń jẹun: ẹni tí ó fa ẹ̀jẹ̀ láàárọ̀ láìkọ́kọ́ kó oúnjẹ kúrò nínú kéèjì, ọ̀rá oúnjẹ òru ni yóò máa wọ̀n.

Nínú kíkà èsì, ẹ má ṣe gbára lé àpapọ̀ kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù nìkan. Ọtí a máa gbé triglyceride (ọ̀rá tí ara ń fi pamọ́ fún agbára) sókè, torí pé ẹ̀dọ̀ tí ń jó ọtí kì í ráyè jó ọ̀rá. Ó sì lè gbé HDL, ohun tí ń kó kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù padà sí ẹ̀dọ̀, náà sókè. HDL ni ó ń gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù eku, LDL, èyí tí ń kó o lọ sí ara, ni ti ènìyàn. Nítorí náà, ìṣirò Friedewald ti 1972, tí a fi ń ṣírò LDL láti inú àwọn ìwọ̀n yòókù, tí a sì gbé ka ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, kò ṣeé gbára lé fún eku. LDL gan-an ni kí a wọ̀n.