Bí A Ṣe Ń Yan Ṣokoléètì Dúdú Tó Ń Ṣe Ara Lóore, àti Ìwọ̀n Tó Yẹ Ká Jẹ

Kí ẹ tó sanwó ṣokoléètì dúdú, ẹ yí i padà kí ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Nọ́ńbà gàdàgbà tó wà níwájú, 70% tàbí 85%, dára láti mọ̀, ṣùgbọ́n kò sọ ọ̀rọ̀ tán. Gbogbo ohun tó ti inú kóró kòkó wá ló ń kà, àti kòkó gan-an àti ọ̀rá rẹ̀. Èyí tó kù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ṣúgà pátá. Méjì lè jọ jẹ́ 70% kí ọ̀rá ọ̀kan pọ̀ ju ti èkejì lọ, bẹ́ẹ̀ inú kòkó tí kì í ṣe ọ̀rá ni fáíbà, magnesium àti flavanol, èròjà kòkó tó ń ran iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́, wà.

Èròjà tó pọ̀ jù ni wọ́n máa ń kọ ṣáájú. Kòkó ló yẹ kó ṣáájú. Bó bá jẹ́ ṣúgà ni, ẹ dá a padà síbi tí ẹ ti mú un. Lẹ́yìn náà, ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ "processed with alkali" síbẹ̀. Álíkálì yìí, èròjà kan tí wọ́n ń pò mọ́ kòkó, ni wọ́n fi ń dín kíkorò kòkó kù, òun náà ló ń mú kó dúdú sí i, ṣùgbọ́n ó ń ba púpọ̀ nínú flavanol jẹ́. Nítorí náà, ẹ má fi bó ṣe dúdú tó ṣe ẹ̀rí pé ó dára.

Flavanol ló ń ran iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti pèsè nitric oxide, tó ń mú kí iṣan dẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ lè ṣàn geere. Ní 2012, EFSA, àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní ilẹ̀ Yúróòpù, gbà pé mílígíráàmù 200 flavanol kòkó lójúmọ́ ń ṣèrànwọ́ kí iṣan lè máa nà bó ṣe yẹ. Àmọ́ ẹ má gbé e ga ju bó ṣe mọ lọ. Nígbà tí Cochrane, àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò ìwádìí ìṣègùn, kó ìwádìí 35 jọ ní 2017, nǹkan bí 2 mmHg (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá) péré ni ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ fi wálẹ̀. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ tìtorí ṣokoléètì pa oògùn rẹ̀ tì.

Gíráàmù 20 sí 30 lójúmọ́ ti tó. Bí gíráàmù 100 bá ní ojú mẹ́wàá, ojú méjì tàbí mẹ́ta nìyẹn. Ẹ dá a sínú abọ́, kí ẹ sì gbé ìyókù kúrò níwájú yín. Nínú gíráàmù 30, nǹkan bí kálórì 180 ló wà, pẹ̀lú ọ̀rá gíráàmù 13, ṣúgà 7, fáíbà 3, àti magnesium tó súnmọ́ mílígíráàmù 70. Ẹ fi rọ́pò ohun dídùn mìíràn ni. Bí ẹ bá kàn fi kún oúnjẹ tí ẹ ń jẹ tẹ́lẹ̀, ara ni yóò máa sanra. Iron wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn èròjà kòkó kan náà kì í jẹ́ kí ara gbà á dáadáa. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó kó má gbójú lé e, kó má sì fi jẹ oògùn iron.

Bí 85% bá korò jù, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 60%, kí ẹ jẹ́ kó yọ́ lórí ahọ́n dípò kí ẹ máa rún un. Káfíìnì wà nínú rẹ̀, nítorí náà ọ̀sán sàn ju alẹ́ lọ fún ẹni tí oorun rẹ̀ kì í jinlẹ̀. Ẹni tó ti ní òkúta inú kíndìnrín rí kó bi dókítà kó tó máa jẹ ẹ́ lójoojúmọ́, torí oxalate, èròjà tó lè di irú òkúta bẹ́ẹ̀, pọ̀ nínú rẹ̀. Kòkó tún máa ń ní òjé àti cadmium díẹ̀, àwọn irin tó lè pa ara lára, nítorí náà ẹ máa yí ilé iṣẹ́ tí ẹ ń rà lọ́wọ́ wọn padà, pàápàá aláboyún. Kí ti ọmọdé sì kéré. Ajá kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án rárá: theobromine inú rẹ̀ lè pa á.

Ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tó tutù díẹ̀, tó gbẹ, tí òórùn ohun mìíràn kò sí. Bí nǹkan funfun bá bò ó, ẹ fi ìka kàn án. Bó bá ń yọ̀, tó sì ń parẹ́, ọ̀rá kòkó ló yọ́ nígbà tí ooru mú, tó tún dì. Bó bá rí ṣákiṣàki, omi ló kàn án, tó fa ṣúgà jáde. Fíríìjì ló sábà máa ń fa èyí. Méjèèjì ṣì ṣeé jẹ, adùn nìkan ló dínkù.