Ohun tí mo ń ṣe fún ọmọ iṣẹ́ tó bá ní “Mi ò lè ṣe é”

Ní Ìtòkú níbí, ní Abẹ́òkúta, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin níṣẹ́ àdìrẹ, ọ̀rọ̀ tí mo máa ń gbọ́ jù lọ lẹ́nu ọmọ tuntun ni, “Màmá, ọwọ́ mi ò gbà á.” Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì fọwọ́ kan ìko rí, ìyẹn okùn tí a fi ń di aṣọ kí aró má baà wọ ibi tí a dì. Ibo ló ti wá mọ̀ pé ọwọ́ òun ò gbà á? Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ. Kì í sì í ṣe àwọn ọmọdé nìkan. Àwọn ìyá tó dàgbà jù mí lọ náà ní tiwọn, pé ọjọ́ orí ti lọ, pé àwọn ò kàwé. Bí mo ṣe ń bá ọ̀rọ̀ náà yí lọ́dọ̀ mi ni mo fẹ́ kọ síbí, kí ẹ lè lò ó, ì báà jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́, ìwé kíkà tàbí òwò.

Ẹ kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ náà gan-an. Ẹ má wulẹ̀ sọ pé ẹ̀rù ń bà yín. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ń jáde lẹ́nu yín gẹ́lẹ́: “Mi ò mọ ìṣirò.” “Mo ti dàgbà jù láti kọ́ṣẹ́.” “Kò sẹ́ni tó máa ra ọjà lọ́wọ́ mi.” Bí ìwé kíkọ bá ni yín lára, ẹ gba ohùn yín sílẹ̀ lórí WhatsApp kí ẹ tún un gbọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ya èyí tó jẹ́ òótọ́ sọ́tọ̀. Bí ẹ ò bá ní owó ṣọ́ọ̀bù, ẹ ò ní in nìyẹn, ọ̀rọ̀ ìrètí ò lè dowó. Ètò ló ń fẹ́: kí ẹ dá àjọ, kí ẹ wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tàbí kí ẹ kọ́kọ́ máa tà nílé. Mi ò fẹ́ràn kí èèyàn máa sọ fún aláìní pé ìrònú rẹ̀ nìkan ló ń dí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n “kò sẹ́ni tó máa rà á” yàtọ̀. Ẹ ò tíì pàtẹ. Irú èyí ni mò ń bá wí.

Ẹ bi ara yín pé ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó sábà máa ń ní ẹnì kan: olùkọ́ nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n tó máa ń fini ṣẹ̀sín. Ẹ rántí onítọ̀hún, kí ẹ sì máa bá tiyín lọ. Ẹ má lọ bá a jà.

Ẹ wá wá iṣẹ́ kékeré kan tí àbájáde rẹ̀ ò ṣe é jiyàn sí. Ibí yìí ni mo ti ń lo àkókò jù. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìgbàgbọ́ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé kí ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ohun tí èmi rí ni pé ọwọ́ ló ń ṣáájú. Albert Bandura, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, kọ irú rẹ̀ sílẹ̀ ní 1977. Nínú ohun mẹ́rin tó ní ó ń jẹ́ kéèyàn gbà pé òun lè ṣe nǹkan, èyí tó fi ṣe olórí ni pé kéèyàn ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é yọrí. Àwọn yòókù ni ká rí ẹni bíi tiwa tó ṣe é, kí ẹlòmíràn gbà wá níyànjú, àti ìtumọ̀ tí a ń fún ohun tí ara wa ń ṣe lásìkò náà.

Nítorí náà, mi ò kì í gbé odindi ìró fún ọmọ tuntun. Aṣọ funfun tó tó ìnujú ni mo ń gé fún un, pẹ̀lú ìko. Oṣù bàmbà, ìyẹn àmì róbótó bí òṣùpá, ẹyọ kan ṣoṣo ni kó dì: kó fa àárín aṣọ sókè, kó ká a jọ, kó wé ìko mọ́ ọn títí yóò fi le. Ó di inú aró ẹ̀lú. (Ẹ̀lú ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wọn, nítorí kọ́sítíìkì tí a ń pò mọ́ aró òyìnbó máa ń jó ọwọ́ ẹni tí ò tíì mọ̀ ọ́n lò.) Nígbà tó bá fa aṣọ náà jáde, àwọ̀ ewé ni yóò kọ́kọ́ rí, ibẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú wọn ti ń pariwo pé àwọn ti bà á jẹ́. Mo máa ń ní kí wọ́n dúró. Atẹ́gùn ló ń sọ aró ẹ̀lú di búlúù, ojú wọn báyìí ló sì ń ṣe. Tó bá wá tú ìko, tí funfun róbótó yọ láàárín aró, ẹ ò ní gbọ́ “ọwọ́ mi ò gbà á” lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ tún yẹ ara yín wò, bóyá ẹ ti ń ṣe ohun tí ẹ ní ẹ ò lè ṣe. Ọmọ kan wà lọ́dọ̀ mi tó búra pé òun ò mọ ìṣirò. Oníbàárà ra aṣọ 6,500 náírà, ó mú 10,000 wá. Kí n tó gbójú sókè, ọmọ yìí ti ka 3,500 lé e lọ́wọ́. Mo ní, “Kí lo ṣe yẹn?” Ó ní, “Ṣéńjì ni, Màmá.” Mo fún un ní bírò, mo ní kó to iye aṣọ, aró, ìko àti owó ọkọ̀ sábẹ́ ara wọn, kó yọ gbogbo rẹ̀ kúrò nínú iye tí a tà. Òun ló ń ṣe ìwé owó wa báyìí.

Ní ti ẹni bíi tiwa, ará Abẹ́òkúta ò ní láti lọ jìnnà. Gbogbo wa la máa ń dárúkọ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ó wà lára àwọn ọmọbìnrin tó kọ́kọ́ wọ Abeokuta Grammar School ní 1914. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jẹ́ ìyá tí ò kàwé, ẹ má tíì wo òun. Ẹ wo àwọn ìyá ọlọ́jà tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ ní ìwé kíkà láàárín àwọn ọdún 1940. Ìyá ọmọ ni wọ́n, wọ́n ní àtẹ lọ́jà, wọ́n sì jókòó kọ́ a, b, d. Irú wọn ló kún inú ẹgbẹ́ tó gbógun ti owó orí àwọn obìnrin ní 1947, títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí oyè ní oṣù kìíní 1949. Ẹ wá ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ dúró sí. Ẹni tó ga jù wá lọ, ńṣe la máa ń yìn ín tí a óò sì jókòó.

Ọ̀rọ̀ ara ò gùn. Àyà yín máa lù kìkìkì tí ẹ bá fẹ́ gbé ọjà yín han èèyàn. Àyà àwọn ògbólógbòó náà ń lù. Ẹ mí síta díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì dá iye tí ẹ fẹ́ gbà.

Tó bá kan ohun tí ẹ ó máa sọ fún ara yín, ẹ jẹ́ kó jẹ́ òótọ́ tó kéré. “Mo ti di oṣù bàmbà kan, ó sì yọ” lágbára ju “èmi ni ọ̀gá gbogbo aládìrẹ” lọ, nítorí inú yín á gbà á. Mo máa ń gbàdúrà láràárọ̀ kí n tó jáde, mo sì fẹ́ kí àwọn ọmọ mi máa gbà á, ṣùgbọ́n tí a bá ti ṣe àmín tán, ìko ń dúró dè wá. Bákan náà, tí ẹ bá fẹ́ gba ẹlòmíràn níyànjú, ẹ tọ́ka sí ohun kan pàtó tó ṣe dáadáa. “O máa ṣe é” lásán kì í pẹ́ lára.

Ọjọ́ kan á wà tí yóò bàjẹ́ lóòótọ́, tí aró á wọnú ibi tó yẹ kó funfun. Ẹ kọ ohun tó bà á jẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà: ìko dẹ̀, tàbí ẹ yára tú u. Ẹ má kọ “èmi ni mi ò dára” síbẹ̀, nítorí kò sí ohun tí ẹ lè fi ìyẹn ṣe. Ìko tó dẹ̀ ṣe é fún le. Ẹ gé aṣọ mìíràn, kí ẹ tún un dì.