Eyín Tí Yóò Ká Náà Gba Ìtọ́jú: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Òbí ní Kétu

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú iṣẹ́ ọjà.

Bí àkokoro bá ń yọ ọmọ ọdún 4 lẹ́nu, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé, “Ẹ fi í sílẹ̀, eyín ọmọdé ni, yóò ṣáà ká.” Òótọ́ ni, yóò ká. Ṣùgbọ́n àwọn eyín ẹ̀yìn kì í ká títí ọmọ yóò fi tó nǹkan bí ọdún 10 sí 12. Ẹ ka ọdún tí ọmọ náà yóò fi máa fi ẹ̀gbẹ́ kan jẹun, tí kò níí sùn dáadáa, tí kò níí gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ. Bí ìjẹrà bá sì wọ gbòǹgbò, ó lè ba eyín àgbà tó wà nísàlẹ̀ jẹ́ kó tó hù rárá.

Bí eyín ṣe ń dé

Eyín 20 ni ọmọdé ní. Méjì iwájú ìsàlẹ̀ ló sábà máa ń ṣáájú, ní nǹkan bí oṣù 6. Bí tòkè bá kọ́kọ́ yọ, ẹ má fòyà, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú burúkú wo ọmọ yín. Kò sí aburú kankan nínú rẹ̀. Ọmọ tí eyín ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀ lè máa da itọ́, èrìgì rẹ̀ lè wú díẹ̀, ó sì lè máa ké. Ṣùgbọ́n ibà tó gbóná, ìgbẹ́ gbuuru àti èébì kì í ṣe ẹ̀bi eyín. Ẹ gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ní nǹkan bí ọdún 6, eyín ńlá mẹ́rin máa ń yọ lẹ́yìn pátápátá, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Eyín kankan kì í ká kí wọ́n tó yọ, nítorí náà ọ̀pọ̀ òbí kì í mọ̀ pé wọ́n ti dé. Eyín àgbà ni wọ́n. Kò sí òmíràn tí yóò rọ́pò wọn. Orí wọn kún fún kòtò tóóró tí oúnjẹ ń há sí, wọ́n sì tètè máa ń jẹrà. Bí ọmọ yín bá ti wọ CI, kíláàsì àkọ́kọ́ nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ mú un jáde síta nínú ìmọ́lẹ̀, kó yanu, kí ẹ wò wọ́n.

Ohun tó ń jẹ eyín

Kòkòrò tí àwọn àgbà ń sọ wà lóòótọ́, àmọ́ ó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, ẹnu gbogbo wa ló sì ń gbé. Bí ó bá rí ṣúgà jẹ, á ṣe omi kíkan tó ń sọ ara eyín di rírọ̀. Itọ́ máa ń tún un ṣe bí a bá fún un láyè. Nítorí náà, bọ́ńbọ́ọ̀n mẹ́ta tí ọmọ jẹ pọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán sàn ju ẹyọ kan láàárọ̀, ẹyọ kan lọ́sàn-án, ẹyọ kan nírọ̀lẹ́. Ògì onísúgà tí ọmọ ń fà nínú bíbẹ́rọ́ọ̀n títí tó fi sùn ló burú jù, torí itọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ sun lójú oorun. Ẹ̀yin ìyá àgbà tí ẹ ń bá wa mójú tó ọmọ nígbà tí a bá wà lóko, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ọsàn ni kí ẹ fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Fífọ eyín

Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni, láti ìgbà tí eyín àkọ́kọ́ bá ti yọ. Ti alẹ́ kò gbọdọ̀ yẹ̀. Ẹni tó ti oko dé lẹ́nu àṣálẹ́, tó tún dáná, ọmọ á ti sùn kó tó ráyè. Ẹ má dúró di àkókò oorun: bí wọ́n bá ti jẹun tán báyìí, kí wọ́n tó kúrò nídìí abọ́, ẹ fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, omi nìkan.

Ẹ ra ọṣẹ ìfọyín tí wọ́n kọ “fluor” sí lára, ìyẹn èròjà tó ń mú eyín le. Kí ìwọ̀n fluor tí wọ́n kọ sí i tó 1000 ppm, ó kéré tán. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, kó má ju hóró ìrẹsì kan lọ. Láti ọdún 3 sí 6, kó má ju hóró ẹ̀wà kékeré kan lọ. Kó tu ìfófòó dànù, ṣùgbọ́n kó má fi omi púpọ̀ yọ ẹnu. Ẹ bá a fọ̀ ọ́ títí yóò fi pé ọdún 7 tàbí 8. Orín àtà àti orín ìdí dára fún ẹni tó lè rún un dáadáa. Ẹ má pa á tì, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò ọṣẹ tó ní fluor.

Bí ìrora bá dé

Ẹ má fi omi bátìrì, bẹntiróòlù tàbí asipirín lílọ̀ sójú eyín. Wọ́n á bó ẹran ẹnu. Ẹ má sì ra tetracycline, oògùn aláwọ̀ pupa àti ìyeyè tí wọ́n ń gbé kiri lórí igbá, fún aboyún tàbí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8: ó máa ń ba àwọ̀ eyín tó ń bọ̀ jẹ́, kò sì sí ọṣẹ tó lè fọ ọ́ kúrò.

Àìsàn kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ilé mọ orúkọ rẹ̀: noma. Ọmọ ọdún 2 sí 6 ló sábà máa ń mú, àgàgà ọmọ tí oúnjẹ ò tó, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ èéyi, tí wọ́n ń pè ní rougeole. Èrìgì á máa ṣẹ̀jẹ̀, ẹnu á máa rùn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó lè jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé egungun. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè pa tó 90 nínú 100 ọmọ tó bá mú. Kì í ràn, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọ̀tá. Ní oṣù Kejìlá 2023 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi í kún àwọn àìsàn ilẹ̀ olóoru tí a pa tì. Bí ẹ bá tètè dé ilé ìwòsàn, nígbà tó ṣì wà lórí èrìgì, oògùn àti oúnjẹ tó dára lè dá a dúró.

Bí èrìgì bá ń ṣẹ̀jẹ̀ tí ẹnu sì ń rùn, tàbí bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú pẹ̀lú ibà, ilé ìlera tó súnmọ́ yín ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà, ní Kétu ni o, ní Idigny ni o. Ẹ mú ìwé àjẹsára ọmọ dání, kí ẹ sì sọ gbogbo oògùn tí ẹ ti lò fún un, títí kan àgbo.