Bí A Ṣe Tún Lotus Cortina Ọdún 1963 Ṣe ní Ìrántí Jim Clark

Ọkọ̀ Lotus Cortina kan, ìyẹn Cortina ti Ford tí ilé iṣẹ́ Lotus tún ṣe fún eré ìdíje, tí wọ́n ṣe ní ọdún 1963 wọ ilé iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe páńẹ́ẹ̀lì bítà ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì fi àtúnṣe bọ́dì rẹ̀ sí ìkáwọ́ mi. Kì í ṣe èyí tí Jim Clark, awakọ̀ ìdíje ọmọ Scotland, fúnra rẹ̀ wà, irú rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nítorí Clark ni alàgbà tí ó ni ín ṣe rà á, ìdí náà ni èmi pẹ̀lú sì fi fi gbogbo ọkàn gba iṣẹ́ ọ̀hún.

Àgbẹ̀ ni Clark ní Chirnside, nítòsí ààlà Scotland àti England. Ó gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé ti Formula 1 ní ọdún 1963 àti 1965, nínú ìdíje Grand Prix 72 tí ó kópa, 25 ni ó ti gbégbá orókè, ọdún 1965 yìí kan náà ni ó sì borí ní Indianapolis 500 ní Amẹ́ríkà. Jàǹbá ọkọ̀ gba ẹ̀mí rẹ̀ ní Hockenheim, ní Jámánì, ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 1968, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 32. Lórí òkúta ibojì rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé àgbẹ̀ ni kí wọ́n tó dárúkọ ife kankan. Cortina ni ó fi gba ife ìdíje ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1964. Òfin ìdíje ìgbà náà sọ pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ pé 1,000 kí wọ́n tó lè gbé e wá sórí pápá, ìdí nìyí tí wọ́n fi tà á fún ará ìlú, tí díẹ̀ nínú wọn sì ṣẹ́ kù títí di òní fún irú àwa láti tọ́jú.

Inú ilé ẹsẹ̀ táyà iwájú ni mo ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí orí ṣọ́ọ̀kì ti so mọ́ bọ́dì. Ẹnìkan ti fi fílà, ìyẹn ohun tí a fi ń dí ihò ara ọkọ̀, dí ibẹ̀ ní ọjọ́ pípẹ́ sẹ́yìn, ó lẹ irin mìíràn lé e, ó sì kun ún lọ́dà. Nígbà tí mo ha gbogbo rẹ̀ kúrò, irin abẹ́ rẹ̀ ti dógùn-ún débi pé ìka mi wọ inú rẹ̀. Mo gé ibi tó bàjẹ́ nìkan, mo rọ irin tuntun tí ó bá a mu, mo sì jó o pọ̀ ní díẹ̀díẹ̀ kí iná má baà tẹ bọ́dì. Àwọn kan ìbá pàṣẹ odidi apá iwájú tuntun, ṣùgbọ́n lójú tèmi, irin tí wọ́n fi ṣe ọkọ̀ náà ní ọdún 1963 ni ẹ̀rí tí ó ní, bí ẹ bá sì yọ ọ́ dànù tán, àwòrán Lotus Cortina lásán ni yóò kù.

Ilẹ̀kùn ni ó gba agbára mi jù. Álúmíníọ̀mù ni Lotus fi bo àwọn ilẹ̀kùn ìgbà náà, àti bọ́nẹ́ẹ̀tì àti búùtù, kí ọkọ̀ lè fúyẹ́; ṣùgbọ́n férémù irin wà nínú ilẹ̀kùn, níbikíbi tí omi bá sì ti bá irin àti álúmíníọ̀mù pọ̀, álúmíníọ̀mù ni yóò kọ́kọ́ jẹrà. Isàlẹ̀ ilẹ̀kùn méjèèjì ti di ìyẹ̀fun funfun. Mo ṣí etí rẹ̀ tí wọ́n ká, mo fi ọṣẹ ra ojú álúmíníọ̀mù náà, mo sì ń rọra fi iná sí i títí ọṣẹ fi di dúdú, nítorí àmì pé ó ti rọ̀ tó láti lù nìyẹn. Bí ẹ bá jẹ́ kí iná kọjá ibẹ̀, yóò yọ́ sílẹ̀ lójijì. Òòlù igi ni mo fi lù ú lórí àpò awọ tí iyanrìn wà nínú rẹ̀, tí ó bá tún le, mo tún padà sí ọṣẹ àti iná. Mushin ni mo ti kọ́ṣẹ́, níbi tí a kì í ti ju ilẹ̀kùn nù nítorí pé ó tẹ̀, sùúrù ibẹ̀ ni mo sì lò. Kí n tó ká etí rẹ̀ padà, mo kun férémù inú rẹ̀ lọ́dà dáadáa kí irin méjèèjì má baà fara kan ara wọn mọ́.

Ẹ́ńjìnnì rẹ̀, 1,558 cc pẹ̀lú kabúrétọ̀ Weber méjì, lọ sọ́dọ̀ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, ó sì padà wá láìsí wàhálà.

Lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ ni èmi àti alàgbà náà ti jọ jíròrò gan-an. Férémù onígun mẹ́ta ni Lotus fi so ásù ẹ̀yìn, ìyẹn ọ̀pá tí táyà ẹ̀yìn méjèèjì wà lórí rẹ̀, mọ́ bọ́dì, ìnira tí ó ń kó bá àpótí gíà ẹ̀yìn máa ń mú kí bólòótì rẹ̀ tú, kí ọ́ìlì máa jò, kí ọ́ìlì náà sì ba àwọn rọ́bà jẹ́. Ní ọdún 1965, wọ́n fi sípíríǹgì pẹlẹbẹ rọ́pò rẹ̀. Àwọn kan ti gba alàgbà nímọ̀ràn pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, èmi sì bẹ alàgbà pé kí wọ́n má ṣe é, nítorí pé férémù yìí ni ó wà lábẹ́ ọkọ̀ tí Clark fi gba ife ní ọdún 1964. Wọ́n gbà. Rọ́bà tuntun àti bólòótì tuntun ni a fi sí i, a sì fi gọ́ọ̀mù dí gbogbo etí àpótí náà.

Nígbà tí ọ̀dà funfun àti ìlà aláwọ̀ ewé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbẹ tán, a gbé e lọ sí pápá Snetterton ní Norfolk. Bí awakọ̀ wa ṣe ya kọ́nà pẹ̀lú eré, táyà iwájú ti ẹ̀gbẹ́ tí ó ń yà sí gbéra nílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń rí i nínú àwòrán Clark, nítorí pé ọ̀pá tí ó so ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì pọ̀ le púpọ̀. A sá wọ abẹ́ rẹ̀ nígbà tí ó dúró: ọ́ìlì kò jò. Ìwé ẹ̀rí FIA, àjọ tí ó ń darí ìdíje ọkọ̀ lágbàáyé, fún ọkọ̀ ìdíje àtijọ́ ni ó kù láti gbà, àwọn fọ́tò tí mo yà nígbà tí bọ́dì ṣì wà ní ìhòòhò, títí kan ti férémù ẹ̀yìn, yóò sì bá fọ́ọ̀mù náà lọ.