Ẹ má yára ta bọ́ǹdì ìjọba ọwọ́ yín

Ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa n'Iléṣà, ẹ kú ọjà o. Mo gbọ́ pé àwọn kan fẹ́ ta bọ́ǹdì wọn, ìyẹn ìwé owó tí wọ́n yá ìjọba, torí pé iye rẹ̀ wálẹ̀ lọ́jà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù. Bí Báńkì Àpapọ̀ (CBN) bá gbé èlé sókè, èlé orí bọ́ǹdì tuntun sábà máa ń ga. Ta ló máa wá ra ti àtijọ́ tí èlé rẹ̀ kéré, àfi tẹ́ ẹ bá gbé e fún un ní ẹ̀dínwó? Lọ́dún 2024, Báńkì Àpapọ̀ gbé èlé tirẹ̀ láti 18.75% dé 27.50%, ọ̀pọ̀ ẹni tó ta bọ́ǹdì àtijọ́ tí èlé rẹ̀ kéré nígbà náà pàdánù. Ẹni tó bá dúró dọjọ́ tí ìjọba máa dá owó padà, iye tí wọ́n kọ sórí bọ́ǹdì rẹ̀ á pé, èlé rẹ̀ náà á sì máa wọlé.

Ọ̀wọ́n gógó ló lè jẹ owó náà lábẹ́lẹ̀, òun ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹ má sì fi owó tẹ́ ẹ máa nílò láìpẹ́, bí owó ọjà tàbí owó ilé ìwé ọmọ, ra bọ́ǹdì. Ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, 5,000 náírà tó fún FGN Savings Bond, bọ́ǹdì ìfowópamọ́ ìjọba àpapọ̀, ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni, èlé ń wọlé lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ bi alágbàtà tí DMO, ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó gbèsè, fọwọ́ sí.