Bí mo ṣe dá táyà tó ń ha férémù dúró

Ọkọ̀ tí mo fọwọ́ ara mi tò ni. Bí mo bá ti yí sítíárìn dópin, táyà iwájú á máa ha férémù àti rọ́bà bíréèkì, ìyẹn rọ́bà oníhò tí òróró bíréèkì ń gbà kọjá. Rọ́bà yẹn gan-an ló kó mi láyà sókè: bó bá bẹ́, bíréèkì lè lọ nìyẹn.

Mo tú ìbòrí ẹnu ráàkì (irin sítíárìn tó ń lọ sọ́tùn-ún sósì láti yí táyà), mo fi òrùka náílọ́ọ̀nù tó nípọn ní mìlímítà 8 sáàárín ráàkì àti jọ́ìntì inú tó so ó mọ́ ọ̀pá tó ń yí táyà, lọ́tùn-ún àti lósì, kí sítíárìn má baà lè yí táyà jìnnà tó ti tẹ́lẹ̀. Méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Mo fi jáàkì ti táyà sókè bí ìgbà tó gun òkìtì kí n tó wọn àyè tó kù, torí ibẹ̀ ló ti máa ń fún jù. Ọkọ̀ ń fẹ́ àyè díẹ̀ sí i láti yí padà báyìí, mo fara mọ́ ọn. Táyà ò ha nǹkan kan mọ́.