Bí Onígbáméjì Bá Wọ Agbo Ilé

Onígbáméjì kì í fò láti ara ẹnì kan bọ́ sí ara ẹlòmíì. Ẹnu ló ń gbà wọlé. Inú ìgbẹ́ àti èébì aláìsàn ni kòkòrò rẹ̀ wà; ọwọ́, omi, oúnjẹ àti eṣinṣin ló ń gbé e dé ẹnu ẹlòmíì. Ẹni tó ń sun tùràrí káàkiri yàrá nígbà tí gbogbo ilé ṣì ń ti ọwọ́ bọ inú àmù, asán ló ń ṣe.

Láàrin wákàtí díẹ̀ sí ọjọ́ 5 ni àìsàn máa ń yọjú lára ẹni tó kó o. Ọ̀pọ̀ tó kó o kì í tilẹ̀ ṣàìsàn rárá, síbẹ̀ kòkòrò á máa bá ìgbẹ́ wọn jáde fún ọjọ́ 1 sí 10. Nítorí náà, bí ìgbẹ́ aláìsàn bá dá, ẹ má tíì dẹwọ́.

Búùtà ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Nínú agbo ilé ní Ìlọrin, búùtà tó lọ sí ṣáláńgá lè jẹ́ èyí tí wọ́n á tún fi ṣe àlùwàlá. Ẹni tó ṣe tán ní ṣáláńgá á fi ọwọ́ òsì tó ṣì tutù di ọwọ́ búùtà mú; ẹni tó kàn á di ibẹ̀ náà mú, á da omi sí àtẹ́lẹwọ́, á fi yọ ẹnu. Ó parí nìyẹn. Ẹ ya ti ṣáláńgá sọ́tọ̀, kí ẹ fi ọ̀dà sàmì sí i kí ọmọdé náà lè dá a mọ̀. Ẹ gbé ọṣẹ sẹ́nu ọ̀nà ṣáláńgá. Ọṣẹ dúdú dára. Bí kò bá sí ọṣẹ, ẹ lo eérú. Ẹ fọ ọwọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 20 lábẹ́ omi tí wọ́n ń dà sí i, kì í ṣe nínú abọ́ kan tí gbogbo ará ilé jọ ń ti ọwọ́ bọ̀ kí wọ́n tó jẹun.

Ẹ dé àmù. Ẹ de igi gígùn mọ́ ife kan, kí ẹ fi kọ́ ìṣó. Kẹ́ẹ̀gì ẹlẹ́nu tóóró dára ju àmù lọ, torí ọwọ́ kò lè wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí omi mímu hó kùtùkùtù fún ìṣẹ́jú 1. Kànga tí kò tó mítà 30 sí ṣáláńgá, bó ti wù kí omi rẹ̀ mọ́ tó, ẹ má fọkàn tán an.

Ẹnì kan ni kó máa tọ́jú aláìsàn, kí ẹni náà má sì dáná. Ẹ ra bílíìṣì, kí ẹ wo ara ike rẹ̀: bó bá jẹ́ 3.5%, ẹ da ife 1 pọ̀ mọ́ ife omi 6. Ibi tí èébì bá dà sí, ẹ kọ́kọ́ fi àkísà kó o kúrò, torí ìdọ̀tí máa ń gba agbára bílíìṣì. Ẹ wá da omi yẹn síbẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó nù ún. Ojoojúmọ́ ni kí ẹ pò ó. Ẹ má ṣe dà á pọ̀ mọ́ Izal tàbí ọṣẹ ilé ìgbẹ́. Èéfín rẹ̀ ń jó àyà. Ṣáláńgá ni ìgbẹ́ aláìsàn ń lọ, kì í ṣe gọ́tà. Aṣọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ dé Odò Asà tàbí ẹ̀bá kànga: ẹ sè é fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ sá a sí oòrùn.

Kí ọkọ̀ tó dé, ẹ ti máa fún un ní omi ORS, ìyẹn oògùn oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi láti dá omi ara padà. Bí kò bá sí, pure water 2 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50cl, ṣíbí tíì ṣúgà 6 tí kò ga lórí, àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Bó bá dùn ju omijé lọ ní iyọ̀, ẹ dà á nù, kí ẹ tún òmíràn pò. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fi omi du aláìsàn torí pé ó ń bì. Ìyẹn gan-an ló ń pa á. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún máa fi ṣíbí bu ú sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ọmọ ọwọ́ á ṣì máa mu ọmú.

Bí ìgbẹ́ bá ti dà bí omi ìṣanrẹ́sì, tí ojú jìn, tí kò tọ̀ mọ́, tí awọ ara tí ẹ fún kò tètè padà, ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kódà ní òru. Wákàtí díẹ̀ péré ló lè fi pa èèyàn. Ẹ lè pe nọ́ńbà 6232 ti NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti àrùn; ọ̀fẹ́ ni.